Ibo lẹ ń kó fìlà sí kó tó parí? Ráàkì, tíréè, páálí: ẹ mú ìmọ̀ràn wá

FìlàTuntun (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ẹ dákun, ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ. Fìlà aṣọ òkè àti dàmáàskì là ń rán ní ṣọ́ọ̀bù wa. Gọ̀bì ló pọ̀ jù, abetí ajá ló tẹ̀ lé e, a sì ń ṣe èyí tó le dáadáa tí àwọn ọkọ ìyàwó fẹ́ràn báyìí. Iṣẹ́ aṣọ ẹbí ńlá kan ti wọlé. Máṣíìnì kò dà wá láàmú, ọwọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ sì yá. Àárín ni nǹkan ti ń dojú rú. Èyí tí a ti gé wà lórí tábìlì, èyí tí a ti lẹ gọ́ọ̀mù sí (aṣọ alátè tí àyọ́ọ̀nù ń lẹ̀ mọ́ inú fìlà kó lè le) wà lórí àga, èyí tí a ti rán tí a kò tíì lọ̀ wà nínú àpò Ghana-must-go, èyí tó ti parí pátápátá tún wà lábẹ́ gbogbo wọn. Bí ẹnì kan bá ń wá sáìsì 23 (ínṣì yípo orí ni), yóò tú gbogbo ilé. Kí fìlà tó dé ọwọ́ oníbàárà, òkè rẹ̀ ti tẹ̀, etí rẹ̀ ti wọ́.

Kí lẹ fi ń kó o sí? Kí lẹ fi ń gbé e láti ọwọ́ ẹni tó ń gé dé ọwọ́ ẹni tó ń rán? Ṣé ẹ ra ráàkì ni àbí ẹ ní kí wọ́n bá yín ṣe é? Owó wa kò tíì tó ti ilé-iṣẹ́ ńlá o.

BàbáGọ̀bì (Ìlọrin)

Ọmọ mi, o káre tí o béèrè kí ìnáwó tó dé. Ṣùgbọ́n kí o tó dé ìdí ráàkì, ya fìlà rẹ sí méjì ná. Gọ̀bì tí kò ní ju sítéè fẹ́lẹ́ (aṣọ ìtẹ́nú tí kò le) nínú, aṣọ ṣì ni. Ó ní ojú ibi tó máa ń ká sí; bí o bá jẹ́ kó ká síbẹ̀, o lè tò ó pẹlẹbẹ léra wọn, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Èyí tí o bá fi gọ́ọ̀mù líle sí, ìyẹn ti kúrò ní aṣọ. Bó bá ká lẹ́ẹ̀kan pẹ́rẹ́, ojú ìlà yẹn kò ní lọ mọ́, bí o tilẹ̀ fi àyọ́ọ̀nù jó o. Àpò Ghana-must-go tí o dárúkọ yẹn, gọ̀bì rírọ̀ nìkan ni kí o máa kó sínú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Gọ́ọ̀mù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ àyọ́ọ̀nù kò tíì di. Iná ló yọ́ àtè ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè lẹ̀ mọ́ aṣọ, ìgbà tó bá tutù ló ń le. Bó bá ṣe wà nígbà tó ń tutù náà ni yóò ṣe máa wà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á gbé e gbígbóná, wọ́n á jù ú lé orí ara wọn, tó bá wá di wíwọ́ tán, wọ́n á ní gọ́ọ̀mù ọjà ni kò dáa. Wá pákó gbọọrọ kan, fi aṣọ òwú funfun bò ó, gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń lọ aṣọ. Ibẹ̀ ni kí gbogbo ohun tó bá gbóná kọ́kọ́ sinmi sí, lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan má gun ìkejì. Fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Bí kò bá gbóná mọ́, ó tó gbé.

MámàOníke (Abẹ́òkúta)

Tíréè búrẹ́dì! Ẹ gbọ́ mi lágbọ̀ọ́yé o. Tíréè oníke oníhò tí àwọn oníbúrẹ́dì fi ń kó búrẹ́dì sínú ọkọ̀, òun ló yọ wá nínú wàhálà. Ó fúyẹ́, atẹ́gùn ń gba ara rẹ̀ kọjá, ọ̀kan ń jókòó lórí ìkejì láìfi ara kan ohun tó wà nínú rẹ̀.

Bí a ṣe ń lò ó nìyí: dọ́sìnì kan, tíréè kan. Láti orí tábìlì ìgé títí dé ibi ìdì, fìlà kì í kúrò nínú tíréè tirẹ̀ bí kò ṣe ìgbà tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ẹni tó ń rán á mú ọ̀kan, á rán an, á dá a padà, á mú òmíràn. Bí dọ́sìnì bá pé, á gbé odidi tíréè fún ẹni tó kàn. A so káàdì kan mọ́ etí tíréè: orúkọ ìnáwó, sáìsì, iye tó wà níbẹ̀, ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀ nípa iṣẹ́ kan, káàdì lo máa wò, o ò ní máa jágbe mọ́ ọmọlọ́mọ.

Ẹ tẹ́ aṣọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nítorí etí ihò ike a máa mú. Ẹ sì wọn gíga fìlà kí ẹ tó rà á. Bí orí fìlà bá ga ju ẹ̀gbẹ́ tíréè lọ, tíréè òkè ni yóò tẹ̀ ẹ́, kò wá yàtọ̀ sí pé ẹ tò ó léra wọn.

FìlàTuntun (Ìbàdàn)

Mámà, ẹ ṣé gan-an. Ìbéèrè kan: tí dọ́sìnì bá ní sáìsì oríṣiríṣi ńkọ́? Oníbàárà yìí kó 21½ dé 24½ sílẹ̀.

MámàOníke (Abẹ́òkúta)

Má dà wọ́n pọ̀. Bí sáìsì 24 kò bá ju mẹ́ta lọ, jẹ́ kí mẹ́ta yẹn jókòó nínú tíréè kékeré tiwọn. Ríbọ́ọ̀nù ni a fi ń ya tiwa sọ́tọ̀: sáìsì kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, a so ó mọ́ tíréè, a tún so fọ́nrán kan náà mọ́ ìdìpọ̀ aṣọ tí a gé. Kódà ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà dáadáa kò ní ṣì í.

ỌmọAláṣọÒkè (Ìsẹ́yìn)

Ẹ̀yin àgbà ti sọ̀rọ̀ dáadáa. Èmi fẹ́ gbẹnu sọ fún aṣọ náà, nítorí ilé òfì ni wọ́n bí mi sí.

Ẹ mọ̀ pé tóóró tóóró la ń hun aṣọ òkè. Ní ìlànà àtijọ́, fífẹ̀ ọ̀kan kò ju nǹkan bí ínṣì 4 lọ, ìránpọ̀ ló ń sọ ọ́ di aṣọ. Nítorí náà, fìlà kan lè ní ojú ìránpọ̀ méjì mẹ́ta, ojú ìránpọ̀ yẹn ló sì kọ́kọ́ máa ń là bí wọ́n bá ń fà á jáde lábẹ́ òkìtì. Èkejì, òwú dídán tí gbogbo ayé ń béèrè báyìí: ohunkóhun tó bá ní ẹnu ṣóńṣó yóò fà á. Ìṣó orí ráàkì, ẹ̀ẹ́rún igi, etí agbọ̀n tí wọn kò fi aṣọ tẹ́ nínú, síìpù báàgì. Bí òwú bá ti fà síta, ẹ má já a o. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gba abẹ́ aṣọ, kí ẹ fà á padà sínú díẹ̀díẹ̀.

Ti ẹtù gbà kí a dúró lé e lórí. Ẹtù tí wọ́n fi aró ìbílẹ̀ rẹ a máa fi àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sára ohun tó bá ń rà á lára. Ó lè má tíì hàn lọ́wọ́ yín, ẹ ó kàn rí i pé aṣọ inú fìlà sányán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ń yí padà. Ẹtù ní tíréè tirẹ̀, funfun ní tirẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pàdé. Tí ẹ bá sì gé aṣọ, ẹ so òkè, ẹ̀gbẹ́ àti ìnú fìlà kan náà pọ̀ láti ara aṣọ kan náà, torí pé àlàárì tí wọ́n rẹ lónìí àti èyí tí wọ́n rẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lè má bára mu nígbà tí oòrùn bá kọlù wọ́n. Fọ́nrán aṣọ tó ṣẹ́kù ni kí ẹ fi so ó. Ẹ má fi píìnì gún un, ìpẹtà rẹ̀ ní àsìkò òjò kì í fọ̀ kúrò.

Kápẹ́ńtàMushin

Ráàkì ni tèmi. Mo ti kan án fún àwọn oníṣẹ́ fìlà, mo sì mọ ibi tí owó ti ń ṣòfò. Ẹ lọ bá wẹ́ẹ̀dà kí ó fi square pipe ṣe férémù, kí ó ga ju ènìyàn díẹ̀ lọ, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ kó má baà ṣubú lu ọmọ ènìyàn. Kápẹ́ńtà ni kí ó fi igi ṣe èèkàn tí fìlà yóò máa jókòó lé, kì í ṣe ìṣó. Kí igi náà dagun sókè díẹ̀, kí wọ́n fi sandpaper fá a títí yóò fi dán.

Ti àlàfo: bí fìlà bá jẹ́ ínṣì 23 yípo, ẹ fi 3.14 pín in, ínṣì 7 àti díẹ̀ ni láti etí kan dé ìkejì. Ẹ fi ínṣì 9 sáàárín èèkàn sí èèkàn kí ọwọ́ lè ráyè wọlé. Ẹni tó bá ń ṣe abetí ajá ní láti fi kún un, etí náà nílò àyè.

Táyà mẹ́rin, kí méjì iwájú lè yí, kí ọ̀kan ó kéré tán ní bíréèkì. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wa kì í ṣe ilẹ̀ ọsibítù, táyà wíńníwínní yóò há sínú ihò. Ẹ ra èyí tó tóbi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọn ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó wọn ráàkì! Ẹnì kan wà tí ráàkì rẹ̀ kò jáde nínú yàrá tí wọ́n ti jó o pọ̀ títí di òní, ó ti sọ ọ́ di ibi ìkóṣọ sí.

BàbáGọ̀bì (Ìlọrin)

Kápẹ́ńtà, iṣẹ́ rẹ dára, àmọ́ èèkàn yẹn ni mi ò fara mọ́. Bí fìlà bá sùn mọ́jú lórí igi tín-ínrín, orí igi á yọ sókè lójú fìlà, a ó wá rí gọ́ngọ́ kan láàárín òkè. Fìlà tó ṣì rọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fọ́n omi sí i kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ ló tún burú jù. Láyé àwọn bàbá wa, orí igbá ni wọ́n ń dé e sí. Igbá kì í ní ẹnu ṣóńṣó.

Kápẹ́ńtàMushin

Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Ẹni tó bá lówó, kí ó jẹ́ kí n kan pákó roboto tó fẹ̀ tó àwo tíì mọ́ orí èèkàn kọ̀ọ̀kan, kí a fi fóòmù bò ó. Ìyẹn kì í gún nǹkan kan. Ẹni tí kò bá lówó, kí ó fi èèkàn kọ́ èyí tó ti le tó sì ti gbẹ nìkan, kí èyí tó ṣì lómi lára dúró lórí igbá yín.

Ọlọ́gbọ́nÒdà (Òṣogbo)

Igbá ti wọ́n lọ́jà báyìí o. Ike ọ̀dà líta 4 ni èmi ń lò, ọ̀fẹ́ ni lọ́wọ́ àwọn akunlé. Ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀. Nítorí pé ó fẹ̀ lẹ́nu ju ìdí lọ, fìlà yóò sọ̀ kalẹ̀ títí dé ibi tó bá bá a mu, ibẹ̀ ni yóò dúró sí. Ẹ fi tépù yí i ká kí ẹ fi máàkà fa ìlà síbi tí 22 wà, ibi tí 23 wà. Ó wá di òṣùwọ̀n fún yín pẹ̀lú: bí fìlà tí wọ́n ní 23 ni bá kọ̀ láti dé ojú ìlà, ẹ dá a padà fún ẹni tó rán an kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́nu ńlá. Ẹ má mú ike ọ̀dà olóròóró o, òórùn rẹ̀ kì í tán, ó sì lè yọ sí fìlà. Èyí tí wọ́n fi omi pò ni kí ẹ mú, kí ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, kí ẹ fi aṣọ wé e.

Fún fìlà ọmọdé, páìpù PVC tí wọ́n ń pè ní ínṣì 6. Mìlímítà 160 ni fífẹ̀ rẹ̀ níta, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ínṣì 20 yípo. Ẹ rẹ́ ẹ ní kékeré kékeré, ẹ fi sandpaper fá ojú ibi tí ayùn gbà. Bí ẹ bá wé fóòmù tó nípọn tó sẹ̀ntímítà 1 mọ́ ọn, yóò fi nǹkan bí ínṣì 2½ kún yípo rẹ̀, ó ti di orí àgbà nìyẹn, ó kọjá 22 díẹ̀. Ṣírò yìí kì í yẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ 24 kó fi fóòmù tó nípọn ju ìyẹn lọ wé e.

ÌyáAlákẹtẹ̀

Ẹ má gbàgbé àwa tí a ń ṣe akẹtẹ̀ o. Tiwa ní etí fífẹ̀, ráàkì yín kò sì bá a mu. Bí ẹ bá gbé akẹtẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì bí ẹni tó fẹ́ dé e, etí rẹ̀ ló ń ru gbogbo ẹrù, yóò sì máa tẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ó fi àtàrí jókòó, kí etí wà lófuurufú. Bákan náà ni àwọn tó ń ṣe fìlà àwọn darandaran Amẹ́ríkà (cowboy hat) ṣe ń gbé tiwọn. Nígbà ọyẹ́, koríko tó bá gbẹ jù á máa ṣẹ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, nítorí náà èyí tí a kò tíì hun parí wà nínú aṣọ tútù díẹ̀. Díẹ̀ ni mo sọ o. Bó bá rin gbingbin, ẹ̀bu ló kàn.

FìlàTuntun (Ìbàdàn)

Ẹ̀bu tí Ìyá dárúkọ yẹn gan-an ló kù tí mo fẹ́ béèrè. Nígbà òjò, fìlà tí a kó sínú nylon máa ń ní ohun funfun lára, ó sì ń rùn. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ní kí a máa fi kàfúrà sínú gbogbo rẹ̀, pàápàá ti ìkómọ tó wà nílẹ̀, torí aáyán.

Ṣọ́ọ̀bùEtíOmi (Ẹ̀pẹ́)

Àwa tí a wà létí omi mọ ẹ̀bu dáadáa. Ohun tó ń fà á ni pé ẹ ń dì í kó tó gbẹ. Ooru àyọ́ọ̀nù ṣì wà nínú fìlà, ẹ ti fi nylon pa á mọ́. Omi tó bá jáde kò ríbi gbà. Ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi bo ráàkì nítorí eruku, nylon di ọjọ́ tí ó ń lọ. Ráàkì kò gbọdọ̀ fara kan ògiri bílọ́ọ̀kù, pàápàá ògiri tí òjò ń lù níta, tíréè ìsàlẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jókòó sórí símẹ́ńtì. Ẹ fi pákó gbé e. Àpò wíńníwínní tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, ẹ má dà á nù, ó ń fa omi. Ṣùgbọ́n inú ohun tí ẹ pa dé nìkan ló wúlò, ní ìta gbangba kò lè fa gbogbo omi Ẹ̀pẹ́ tán.

Ti aáyán: ògì tàbí sítáàsì tí ẹ fi ń mú aṣọ le ni oúnjẹ rẹ̀, àti páálí tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀lì lẹ̀. Ẹ má jẹun nítòsí tíréè, ẹ má sì fi páálí àtijọ́ tó ti ní ẹyin aáyán láàárín ìpele rẹ̀ gbé fìlà wọlé.

Nọ́ọ̀sìTóŃRánṣọ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ kàfúrà yẹn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, fìlà ìkómọ ni mò ń rán lẹ́yìn iṣẹ́. Roboto funfun tí wọ́n ń tà lọ́jà ní kàfúrà, naphthalene ló sábà máa ń jẹ́. Àwọn ọmọ kan wà tí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó wọ́pọ̀ gan-an nílẹ̀ wa, àwọn ọmọkùnrin ló sì pọ̀ jù. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń mí naphthalene láti ara aṣọ tàbí fìlà, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa fọ́, ojú àti ara rẹ̀ á pọ́n (èyí tí wọ́n ń pè ní jaundice), bó bá sì le, ó lè kan ọpọlọ ọmọ ọwọ́. Ìyá ọmọ kò mọ̀ pé ọmọ òun ní in, ẹ̀yin náà kò mọ̀. Nítorí náà, ẹ má fi kàfúrà sínú fìlà ọmọdé rárá, ẹ má sì jẹ́ kí ti àgbà tó ní in àti ti ọmọdé jọ wà nínú páálí kan.

Ọ̀tápíápíá náà ńkọ́?  Kí ẹ fọ́n ọn sára fìlà tí ènìyàn yóò fi làágùn sí níwájú orí, ẹ má dán an wò.

ArákùnrinLuton

Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Irú ohun tí ẹ sọ, kí èròjà pa ènìyàn lára, ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn oníṣẹ́ fìlà rí. Ní Danbury, ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, mákúrì (mercury, èròjà olóró kan) ni wọ́n fi ń po irun ẹran tí wọ́n fi ń ṣe fìlà fẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ń gbọ̀n, ẹnu wọn ń kólòlò. Ọdún 1941 ni wọ́n tó pa á tì ní Amẹ́ríkà.

Mò ń gbé ní Luton, ní ilẹ̀ England, níbi tí fìlà ti sọ ìlú di ńlá, àní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀ ṣì ń jẹ́ The Hatters (àwọn oníṣẹ́ fìlà). Ohun kan tí mo rí kọ́ lára iṣẹ́ fẹ́ẹ̀tì ni pé kí wọ́n tó na fìlà sórí igi, ṣóńṣó lásán ni, wọ́n á ti ọ̀kan bọ inú ìkejì, odidi ọ̀wọ́ á sì gba àyè kékeré. Ẹ jẹ́ kí èyí tí kò tíì ní ojú rìn jìnnà, kí ẹ sì fún un ní ojú níbi tí kò ti ní rìn mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń tà fìlà níbí ti ń ṣe bẹ́ẹ̀: gọ̀bì rírọ̀ ni wọ́n ń kó ránṣẹ́ sí i ní pẹlẹbẹ, òun ló ń fi àyọ́ọ̀nù olóoru tún un ṣe kí ó tó tà á.

Nítorí kúríà ni. Kúríà ti òkè òkun kì í wo ìwọ̀n nìkan. Wọ́n á fi sẹ̀ntímítà wọn gígùn, ìbú àti gíga páálí, wọ́n á sọ wọ́n di púpọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn á fi 5,000 pín in, èyí tó bá pọ̀ jù nínú ìyẹn àti ìwọ̀n gidi ni ẹ ó san. Páálí 50 sí 40 sí 40 di kílò 16 lójú wọn, bí fìlà inú rẹ̀ kò tilẹ̀ ju kílò 3 lọ. Afẹ́fẹ́ lẹ sanwó fún nìyẹn. Kí ẹ tó gba iye lọ́wọ́ oníbàárà tó wà ní London tàbí Houston, ẹ wọn páálí kí ẹ ṣírò rẹ̀.

Ọlọ́jàOṣòdì

Ti ọ̀nà jíjìn nílé ńkọ́? Láti Ìlọrin ni wọ́n ti ń fi fìlà ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ọkọ̀ èrò. Nígbà kan, iṣu ni wọ́n gbé lé páálí mi lórí nínú bọ́ọ̀tù, àwọn ọlọ́kọ̀ sì ní ẹrù lásán ni àwọn gbé, àwọn ò gbé ìlérí. Láti ìgbà náà, bí fìlà líle bá pọ̀, owó ìjókòó kan ni a ń san fún páálí, a so ó mọ́ àga. Ó wọ́n díẹ̀, àmọ́ ẹ fi wé iye fìlà kan ṣoṣo.

Páálí onípele méjì ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti nódùlù. Ẹ ká ìwé funfun sínú fìlà kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìròyìn kò dára, yíǹkì rẹ̀ a máa kó sára ìnú fìlà. Bí ẹ bá fẹ́ ti ọ̀kan bọ inú ìkejì, kí sáìsì kékeré wà nínú ńlá, ẹ má sì ju márùn-ún lọ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti ìsàlẹ̀ ni yóò fẹ̀ kọjá sáìsì rẹ̀. Ẹ kọ "má gbé nǹkan lé e" sí òkè àti sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọn kì í sábà kà á, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá di àríyànjiyàn ní gáréèjì, ẹ ní ohun tí ẹ ó tọ́ka sí. Láàárín ìgboro, alálùpùpù díspáàṣì tó ní àpótí lẹ́yìn ni kí ẹ pè. Èyí tó fẹ́ gbé nylon sórí itan, kí ó máa lọ.

FìlàTuntun (Ìbàdàn)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, àdúrà àgbà á gbà fún wa. Èyí tí màá ṣe lọ́sẹ̀ yìí: pákó ìtutù sí ẹ̀gbẹ́ àyọ́ọ̀nù, tíréè búrẹ́dì pẹ̀lú káàdì àti ríbọ́ọ̀nù, ike ọ̀dà fún àwọn tó le. Mo ti ní kí ọmọ iṣẹ́ yẹn kó gbogbo kàfúrà kúrò, a sì ń sá fìlà ìkómọ sí atẹ́gùn lọ́tọ̀.

Ọ̀gá kápẹ́ńtà, ọ̀rọ̀ kan kù lẹ́nu mi. Yàrá méjì la ní, ẹnu ọ̀nà tó wà láàárín wọn sì ní àtẹ̀gùn kan. Ṣé ráàkì onítáyà lè gorí rẹ̀?

Kápẹ́ńtàMushin

Má gbé e gorí rẹ̀. Táyà iwájú á gùn ún tán, èyí tó wà lẹ́yìn á há, gbogbo fìlà á dà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tì í. Pákó dídagun ṣeé ṣe bí àyè bá wà, ṣùgbọ́n kí ó gùn dáadáa kí ó má baà dà gèrè, kí o sì kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kí táyà má baà yà. Bí àyè kò bá sí, ṣe ráàkì kékeré méjì, ọ̀kan ní yàrá kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n bá ga déédéé. Tíréè ni ẹ ó máa na ọwọ́ gbé láti orí ọ̀kan sí ìkejì lójú ẹnu ọ̀nà. Fi àwòrán ẹnu ọ̀nà náà ránṣẹ́ kí o tó lọ bá wẹ́ẹ̀dà, kí o sì sọ fún mi bí ilẹ̀kùn ṣe ń ṣí, ṣé sínú ni àbí síta.